Kábíyèsí Ní Àwọn Ń Bọ̀ Lọ́la

Gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Akìrun, ọba Ìkìrun, ti sọ̀rọ̀, pé ọba fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la, tó wá gbé e fún ẹ̀rọ AI mẹ́ta pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di Yorùbá. Ẹ̀rọ kìíní kọ ọ́ pé: “Akìrun sọ pé ó ń bọ̀ lọ́la.” Ẹ̀rọ kejì kọ ọ́ pé: “Akìrun sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la.” Ẹ̀kẹta ní: “Kábíyèsí ní àwọn ń bọ̀ lọ́la.”

Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wá fi wọ́n han ọmọ Ìkìrun tó dàgbà sí ìtòsí ààfin. Bó bá ka ti àkọ́kọ́ tán, ohun tí yóò béèrè ni pé, “Ta ló ń bọ̀?” Torí “ó” inú gbólóhùn yẹn kì í ṣe ọba, ẹlòmíràn kan ni ọba ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì tọ́, ọba gan-an ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ẹgbẹ́ ọba ló ń jíṣẹ́. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta nìkan ni ẹmẹsẹ̀ lè sọ láàfin tí kò ní í ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì.

Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta, “ó”, “òun” àti “àwọn”, ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé. Ẹni tó lè rí ìyàtọ̀ yìí, tó lè fi ìka tọ́ ọ, tó sì lè sọ iye máàkì tó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdánù àti ìdí rẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ ni, bí aláró ṣe jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, bí agbẹ́gilére ṣe jẹ́ ẹ. A ti yin àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ títí ó fi sú wa. Àwọn tó ń dán an wò ni mo fẹ́ yìn lónìí.

Àwọn àgbà ní alángbá já bọ́ láti orí ìrókò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó kí i kú ewu, ló bá ń mi orí pé bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun á yin ara òun. Bí ilé-iṣẹ́ AI ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tuntun jáde, wọ́n á so àtẹ máàkì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á ní ó ti fakọ yọ nínú ìdánwò báyìí-báyìí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ìrókò ga lóòótọ́, alángbá náà kò sì kú. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló yẹ kó wọn gíga igi yẹn, kì í ṣe ẹni tó já bọ́.

Àwọn kan ti dìde láti wọ̀n ọ́. Ní 2024, Jiayi Wang, David Ifeoluwa Adelani àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní AfriMTE. Ọwọ́ àwọn ará Masakhane wà nínú rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí “ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ” lédè Súlù. Ìbéèrè wọn kò lọ́jú pọ̀: bí ẹ̀rọ bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí èdè wa, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣe é re? Èdè Áfíríkà mẹ́tàlá ni wọ́n yẹ̀ wò, Yorùbá wà nínú wọn, àwọn tó sì ń sọ èdè wọ̀nyí ni wọ́n pè wá jókòó ti iṣẹ́ náà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Wọn kò ní kí olùdíwọ̀n kàn wo gbólóhùn kó ní “ó dáa” tàbí “kò dáa”. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ sàmì sí ibi tí àṣìṣe wà gan-an, kó sì sọ irú èyí tó jẹ́. Ṣé ẹ̀rọ fo nǹkan ni? Ṣé ó fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un? Ṣé ó túmọ̀ rẹ̀ sódì? Àbí ó kàn fi ọ̀rọ̀ àjèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtúmọ̀? Ìgbà tó bá sàmì tán ni yóò tó fún un ní máàkì, láti 0 dé 100. Wọ́n sì ya ohun méjì sọ́tọ̀: bóyá ìtumọ̀ pé lọ́tọ̀, bóyá èdè já geere lọ́tọ̀.

Ìyàsọ́tọ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Ẹ̀rọ òde òní mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Ó lè to gbólóhùn tó ń dán bí awọ ejò, kí òótọ́ kankan má sí nínú rẹ̀. Ẹni tí adùn bá ti mú lọ kì í tètè rí irọ́. Bí ẹ bá ya ọ̀nà méjèèjì, adùn kò ní í rí àyè bo irọ́ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èdè tó rí ṣákálá kò ní í jẹ́ kí ẹ da òótọ́ inú rẹ̀ nù.

Ìkejì ni ìka tó ń ṣáájú máàkì. Ìyá tó ń ra iṣu lọ́jà Ìkìrun kì í fojú lásán dá iye lé e. Á gbé e sókè, á yí i, á fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, á tẹ orí rẹ̀, á tẹ ìdí rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ibi tó rọ̀, á ní, “Ìyá oníṣu, ẹ wo ibí yìí.” Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń nájà. Oníṣu lè bínú, ṣùgbọ́n kò lè jiyàn, torí ìka wà lójú ibẹ̀. Máàkì tí kò ní ìka nídìí, ẹnu lásán ni. Bí mo bá ní ẹ̀rọ kan gba 60, tí ẹ ní 80 ló yẹ ẹ́, a lè jà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá ní “ó” ni mo torí ẹ̀ yọ máàkì, ẹ mọ ohun tí ẹ máa bá mi fà.

Àwọn kan tilẹ̀ tú àpò ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bọ́ ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó dé orí ẹ̀rọ rárá. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2022, Julia Kreutzer àti ọ̀pọ̀ olùwádìí jákèjádò ayé, tí ọmọ Áfíríkà pọ̀ nínú wọn, yẹ àkójọ ọ̀rọ̀ 205 wò, irú èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ kó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì fi ń kọ́ AI ní èdè. Àwọn èèyàn fojú ara wọn ka díẹ̀ nínú àwọn gbólóhùn inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kéré tán, 15 nínú àkójọ wọ̀nyí ni wọn kò rí gbólóhùn kan tó ṣeé lò nínú wọn. Ọ̀rọ̀ àpò gààrí ni: èyí tó wà lókè funfun báláú, ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ lè ní, kí ló dé tí a ò fi ẹ̀rọ díwọ̀n ẹ̀rọ, kí iṣẹ́ yá? A ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 2002, Kishore Papineni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó ń jẹ́ BLEU. Wọ́n á ní ìtumọ̀ tí èèyàn ṣe nílẹ̀, BLEU á wá ka iye ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ léra nínú ti ẹ̀rọ tó bá ti èèyàn mu. Ó yára, kò gbówó, gbogbo ayé sì lò ó.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ààfin. Ká fi “Kábíyèsí ní àwọn ń bọ̀ lọ́la” ṣe ìtumọ̀ tèèyàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ “Ọba sọ pé òun yóò wá lọ́la”, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “lọ́la”, ló bá a mu. BLEU á kà á sí olódo, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Bí òmíràn bá kọ “Kábíyèsí ní àwọn ń bọ̀ lánàá”, márùn-ún nínú mẹ́fà ló bá a mu, wọ́n sì tò tẹ̀ léra. BLEU á pàtẹ́wọ́ fún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ arìndìn ni. Bí ẹ̀kẹta bá kọ “Kabiyesi ni awon n bo lola”, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ ọ́ lórí WhatsApp, kò ní í rí ẹyọ kan mú, torí kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí àmì rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ Adelani lógún. Ní 2021, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 20,000, wọ́n sì fi yẹ̀ ẹ́ wò bí àmì àti irú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ṣe ń yí iṣẹ́ ẹ̀rọ padà. Ìròyìn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ inú fíìmù wà níbẹ̀, ti rédíò wà níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí Bíbélì àti ìwé ẹlẹ́sìn ló ti ń jẹ gàba lórí ohun tí ẹ̀rọ fi ń kọ́ Yorùbá. Ẹ̀rọ tó fi Bíbélì kọ́ èdè, tí wọ́n tún fi Bíbélì dán wò, á gbégbá orókè. Ẹ mú un dé gáréèjì Ìkìrun kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó mọ ohun tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń wí.

Àwọn tó ṣe AfriMTE náà kọ́ òṣùwọ̀n aládàáṣe tiwọn, AfriCOMET. Máàkì tí àwọn èèyàn ti fi sílẹ̀ lórí àwọn èdè tó rọ́wọ́ mú ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì wá fi máàkì àwọn èèyàn wa dán an wò: ṣé òun àti àwọn ń rìn pọ̀? Bí méjèèjì bá bára mu délẹ̀délẹ̀, iye náà á jẹ́ 1. Bí wọn ò bá tan rárá, á jẹ́ 0. Ohun tí wọ́n rí ni 0.441, òun ló sì dára jù nígbà yẹn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé wọn, níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti tó o. Ẹni tó kọ́ òṣùwọ̀n, tó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò tíì dé ìdajì, kì í ṣe alángbá.

Lọ́dún 2024 kan náà, Adelani àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ tún gbé ìdánwò mìíràn kalẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni IrokoBench, igi alángbá wa gan-an. Èdè Áfíríkà tó wà níbẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìbéèrè rẹ̀ pín sí: bóyá gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, ìmọ̀ oríṣiríṣi, àti ìṣirò. Ìṣirò náà jẹ́ ìbéèrè 250, irú ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ túmọ̀. Ẹ̀rọ tó ń yanjú ìṣirò wọ̀nyí lédè Gẹ̀ẹ́sì ń kọsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀kan náà lédè wa. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò kéré. Àtẹ máàkì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ lọ́rùn kò sọ ìyẹn fún ìyá kankan ní Ìnísà.

Ewu kan wà tí gbogbo òbí Nàìjíríà mọ̀ dunjú: expo. Ẹ̀rọ AI ń ka ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí iná ṣe ń jó pápá. Bí ìbéèrè àti ìdáhùn bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú, ẹ̀rọ ti lè rí wọn. Ọmọ tó gba expo WAEC lè mú A wálé kí ó má mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí olùdíwọ̀n tó mọṣẹ́ fi ń ṣọ́ ìbéèrè rẹ̀ bí ẹni ṣọ́ irúgbìn, tó sì ń gbin tuntun lóòrèkóòrè.

Ewu kejì ni orúkọ. Bí a bá mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló ni ìdáhùn kan, ojú wa á ti fún un ní máàkì kí a tó kà á. Ní 2023, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì California ní Berkeley dá Chatbot Arena sílẹ̀. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ méjì á dáhùn, wọ́n á fi orúkọ méjèèjì pamọ́. Ìgbà tí ẹ bá dìbò tán ni wọ́n tó ṣí aṣọ lójú wọn. Ọgbọ́n gidi ni. Síbẹ̀, ní 2025, àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń dán oríṣi ẹ̀rọ púpọ̀ wò níbẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n tó mú èyí tó ṣe dáadáa jù jáde síta. Ẹni tó bá da ayò ní ìgbà ogún, tó wá ròyìn èyí tó jẹ nìkan fún wa, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́.

Ewu kẹta ni owó. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ẹ ń kà nípa ẹ̀rọ AI, ẹni tó kọ ọ́ ń gba ìdá lórí gbogbo ẹni tó bá tẹ ìlà tó fi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó sì ra ọjà. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ bó bá sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tó lé téńté ni ti Consumer Reports ní Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1936: wọn kì í gba ìpolówó, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń ra ohun tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò lọ́jà bí oníbàárà yòókù. Ẹni tó bá jẹ àmàlà ọlọ́jà tán, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo.

Òkukù ló kọ́ mi ní èyí tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà, I Could Speak Until Tomorrow, tó jáde ní 1991. Ohun tí àwa ti mọ̀, tó sọ fún ayé, ni pé oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Àbùkù wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, àléébù baba ńlá ẹni wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń ki ìdílé kan á pè é jáde lójú agbo, ọmọ onílé á sì gbórí sókè, torí ó gbọ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń kì. Oríkì tó bá ẹnikẹ́ni mu kì í ṣe oríkì. Àyẹ̀wò náà nìyẹn: “ó yára, ó rọrùn, ó gbọ́n” bá gbogbo ẹ̀rọ mu, kò tíì ki ọ̀kan.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ẹ̀rọ wò ní agbègbè wa kò nílò owó ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù lè ṣe é pẹ̀lú fóònù àti ìwé kíkọ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó mọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1878 ni wọ́n ja ogun Jálumi ní Ìkìrun. Ìbàdàn ló ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Orúkọ ogun náà sì wá láti ara àwọn tó ń sá tí wọ́n já lu omi, odò Ọ̀tìn. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìgbà wo, ibo, ta ló borí, kí ni orúkọ náà wí? Ẹ̀rọ tó mọ ọdún, àmọ́ tó ní Ìjẹ̀ṣà ló ṣẹ́gun, kó má fi gbogbo máàkì fún un, kó má sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó bi í léèrè ohun tí kò wáyé rí. Kó ní kó ròyìn ogun Jálumi Kejì fún òun. Ẹ̀rọ tó bá ní òun kò mọ irú ogun bẹ́ẹ̀ yẹ fún máàkì tó nípọn; ẹ̀rọ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ balógun sílẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kó fi bi gbogbo wọn, kó bi wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó kọ ọjọ́ àti oríṣi ẹ̀rọ sílẹ̀, torí ẹ̀rọ oṣù yìí kọ́ ni ti oṣù tó ń bọ̀. Kó sọ bóyá ọ̀fẹ́ ló lò tàbí èyí tó sanwó fún. Kó sọ iye dátà tó jẹ. Kó fi ìdáhùn han ẹlòmíràn láìsọ orúkọ ẹ̀rọ, kí ẹni náà fi máàkì tirẹ̀ sí i. Ibi tí máàkì wọn bá ti yà, kí wọ́n jókòó wá ìdí. Bó bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ìyẹn jẹ́ ìlà àkọ́kọ́.

Ó ku máàkì tèmi. “Akìrun sọ pé ó ń bọ̀ lọ́la”: 40, torí “ó” gbé ẹlòmíràn wá sáàfin. “Akìrun sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la”: 85, ìtumọ̀ pé, ọ̀wọ̀ ló ku. “Kábíyèsí ní àwọn ń bọ̀ lọ́la”: 95. Márùn-ún tí mo yọ, torí pé Akìrun ni wọ́n dárúkọ, “Kábíyèsí” sì lè jẹ́ ọba yòówù. Kò sẹ́ni tó sanwó fún mi kí n tó kọ ọ́. Bí ẹ bá rò pé mo ṣì í, ẹ fi ìka yín tọ́ ibẹ̀.